Ọkọ mi ní ká kó lọ sábúlé kan ní Indonéṣíà

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi. London la wà, èmi, ọkọ mi àtàwọn ìbejì wa tí wọ́n máa pé ọdún méje láìpẹ́. Ó ti tó oṣù mẹ́fà tí ọkọ mi ti ń wo fídíò àwọn tó kó lọ sábúlé ní Indonéṣíà, ní báyìí ó ní £25,000 tá a fi ọdún mẹ́sàn-án kó jọ lòun máa fi ralẹ̀ níbẹ̀, kóun kọ́lé onípákó kékeré méjì tí àlejò á máa sanwó sùn, ká wá máa jẹun lórí ẹ̀. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ ẹ̀ ti bá a rí ọmọ ìlú kan tó máa yá wa lórúkọ tá a máa fi ralẹ̀ náà. Òun àtàwọn ọmọ ti ní páspọ́ọ̀tù Britain, èmi ò tíì gbà, ti Nàìjíríà ṣì ni tèmi. Mi ò fẹ́ kó jọ pé èmi ni mò ń dí i lọ́wọ́ àmọ́ mi ò rí oorun sùn. Ẹni tó bá ń gbé ibẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ là mí lọ́yẹ. Ìyá Ìbejì ni o.

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìrònú, ẹ ò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ jàre. Ọmọ Ìbàdàn ni mí, ọmọ Java, erékùṣù kan ní Indonéṣíà, nìyàwó mi, Manchester la ti pàdé, ó ti di ọdún mẹ́jọ tá a ti ń gbé abúlé wọn ní agbègbè Temanggung, àárín gbùngbùn Java, lẹ́sẹ̀ òkè Sumbing. Ibí dáa o, mi ò ní parọ́, ó máa ń tutù lálẹ́ bíi Jos. Àmọ́ fídíò tí ọkọ yín ń wò yẹn, wọ́n ti gé ibi tó le kúrò níbẹ̀.

Ilẹ̀ ni n ó kọ́kọ́ mú torí ibẹ̀ lowó yín ti fẹ́ wọmi. Òfin ilẹ̀ wọn ti 1960 sọ ọ́ kedere, Hak Milik, ìyẹn kéèyàn nilẹ̀ tọmọtọmọ, ọmọ orílẹ̀-èdè nìkan ló wà fún. Ẹ wá gbọ́ o, òfin kan náà ní téèyàn bá gbé irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún àjèjì, yálà tààrà ni o tàbí ó gba ẹ̀yìnkùlé, òwò yẹn ò múlẹ̀, ilẹ̀ á di tìjọba, owó tẹ́ ẹ san ti lọ nìyẹn, ẹ ò lè gbà á padà. Ẹni tó fẹ́ yá yín lórúkọ yẹn, tó bá sọ lọ́la pé òun ò mọ̀ yín rí, ilé ẹjọ́ wo lẹ fẹ́ lọ? Ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ jẹ́wọ́ pé ẹ rúfin.

Èmi tí mo fẹ́ ọmọ wọn pàápàá. Lọ́jọ́ tá a fẹ́ ra ibi tá à ń gbé báyìí, ẹni tó ń kọ̀wé ilẹ̀, notaris ni wọ́n ń pè é, ó wo ìwé ìgbéyàwó wa, ó ní ìwé àdéhùn dà. Ó ní tá ò bá ti ya dúkìá sọ́tọ̀, ohunkóhun tíyàwó mi bá rà, ìdajì ẹ̀ tèmi ni lójú òfin, àjèjì sì lèmi. Tẹ́lẹ̀, kó tó di ìgbéyàwó nìkan ni wọ́n ń kọ irú àdéhùn yẹn, ìdájọ́ kan ní 2016 ló jẹ́ kí tọkọtaya lè kọ ọ́ lẹ́yìn ìgbéyàwó. A kọ ọ́. Mo fọwọ́ ara mi síwèé pé ilẹ̀ tí mo fowó mi rà kì í ṣe tèmi. Ìyá mi gbọ́ n'Íbàdàn, wọ́n ní ṣé wọ́n ti fún mi ní nǹkan jẹ ni.

Ohun tó kù fún àjèjì ni kó rẹ́ńtì ilẹ̀ fún ọdún gbọọrọ, tàbí kó gba Hak Pakai, ẹ̀tọ́ àtilò, ọdún 30, wọ́n á fi 20 kún un, wọ́n lè tún un ṣe fún 30 mìíràn, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ ti ní ìwé tí òfin ìwọ̀lú wọn béèrè. Tẹ́ ẹ bá sì ní kẹ́ ẹ gba ọ̀nà kọ́ńpínnì àjèjì tí wọ́n ń pè ní PT PMA, òwò tẹ́ ẹ fẹ́ dá sílẹ̀ gbọ́dọ̀ ju bílíọ̀nù 10 rupiah lọ, ó ju £400,000 lọ nìyẹn. Tiyín ò tíì dé ẹnu ọ̀nà.

Ṣáájú ilẹ̀ yẹn a ti kọ́kọ́ jìn sí kòtò. Bàbá àgbàlagbà kan fẹ́ ta oko kọfí ẹ̀, bíi púlọ́ọ̀tì kan àbọ̀ ti Nàìjíríà, ìwé tó gbé jáde kì í ṣe sẹ́tífíkéètì, Letter C ni, àkọsílẹ̀ owó orí àtijọ́ tó wà nínú ìwé ńlá lọ́fíìsì abúlé. Èmi ọmọ Ìbàdàn tí mo dàgbà sínú ẹjọ́ ilẹ̀ ẹbí, mo san àsansílẹ̀! Ilẹ̀ tí bàbá ẹ̀ fi sílẹ̀ ni, àwọn ọmọ mẹ́fà ló jọ ni ín, àbúrò wọn kan tó wà ní Kalimantan, lórí erékùṣù mìíràn, ò gbọ́ rárá. Nígbà tó gbọ́, ó wọ ọkọ̀ ojú omi wá. Owó wa ti di òrùlé tuntun lórí ilé bàbá yẹn, mò ń gba ibẹ̀ kọjá lójoojúmọ́, mo sì ń kí wọn.

Tiyín gan-an wá ni páspọ́ọ̀tù. Ọkọ yín àtàwọn ọmọ á san 500,000 rupiah lórí kálukú ní ẹ́pọ́ọ̀tù, wọ́n á fún wọn ní ọjọ́ 30, wọ́n lè fi 30 kún un lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀yin ò lè bá wọn tò sórí ìlà yẹn o. Nàìjíríà wà lára ìwọ̀nba orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń béèrè calling visa lọ́wọ́ wọn, ẹnì kan níbẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró fún yín, oríṣiríṣi ẹ̀ka ìjọba á sì gbé ìwé yín yẹ̀ wò kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n yìnbọn pa níbí ní 2015 àti 2016 torí oògùn olóró, ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì kúrò lára wa. Páspọ́ọ̀tù Britain lèmi gbé dání, ibi tí wọ́n bí mi sí nìkan ni wọ́n rí tí wọ́n fi ní kí n dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Físà ìgbafẹ́ ò sì gbà kéèyàn máa gbàlejò gbowó, wọ́n ń dá èèyàn padà sílé fún un.

Àlejò wo gan-an ni? Bali, erékùṣù táwọn arìnrìn-àjò ń rọ́ lọ, kọ́ nibí. Fún ọdún mẹ́jọ yìí, àlejò tí mo rí ò ju àwọn ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ ní Jakarta tí wọ́n ń wálé ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀, ilé ìyá wọn ni wọ́n ń sùn. Tábà la ń jẹ níbí. Tó bá di August, etí títì, iwájú ilé, pápá bọ́ọ̀lù, tábà gígé ni wọ́n sá síbẹ̀ lórí àtẹ oparun tí wọ́n ń pè ní rigen, láago méjì òru lẹ ó ti máa gbọ́ tí wọ́n ń gé ewé kó lè bá oòrùn àárọ̀, tójò bá ṣú pẹ́nrẹ́n gbogbo abúlé á dìde eré, ìmáàmù á sáré, tíṣà á sáré, èmi náà á gbé àtẹ lérí. Òjò àìròtẹ́lẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan, iṣẹ́ ọdún kan lọ.

Òwò tèmi tó ń bímọ ò ju ewúrẹ́ mẹ́fà lọ́dọ̀ aládùúgbò wa. Gaduh ni wọ́n ń pè é, bí wọ́n ṣe ń fúnni lẹ́ran sìn nílé náà ni, tó bá bí méjì, ó mú kan, mo mú kan. Ìyẹn náà, ọdún kẹta kí ẹnikẹ́ni tó gbà fún mi, lẹ́yìn tí mo ti bá wọn ṣọ́de lóru, bá wọn gbẹ́ gọ́tà, jókòó níbi àdúrà òkú tí mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀.

Ti àwọn ọmọ ló dùn jù. Ọdún méje ni wọ́n ń wọ kíláàsì kìíní, ọjọ́ orí tàwọn ìbejì nìyẹn, àmọ́ Indonesian ni tíṣà máa fi kọ́ wọn, kò sẹ́ni tó máa dúró de gẹ̀ẹ́sì wọn, ọmọ mi obìnrin fi oṣù mẹ́rin dákẹ́ ni. Èdè Java wá ní bí wọ́n ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀, krama, ó ju “ẹ” tiwa lọ, ọ̀rọ̀ gan-an ló ń yí padà. Lọ́jọ́ kan ló ń gba iwájú àwọn àgbà kọjá, ó tẹ̀ kòlòbà, ó ní “nuwun sewu”, ìyẹn ẹ jọ̀ọ́ ẹ yàgò. Ìkúnlẹ̀ tí mo fi ọdún méjì bá a jà sí ní Manchester! Yorùbá ẹ̀ nìkan ló ti ń wọ́lẹ̀, ẹ̀bi mi sì ni.

Ẹ má jẹ́ kí £25,000 yẹn kúrò ní bánkì. Ẹ ní kí ọkọ yín dá lọ lo ọjọ́ 60 yẹn, kó lọ ní January tójò ń pa gbogbo ayé, kó gba yàrá lábúlé gidi. Kó tó lọ, kó béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ yá a lórúkọ bóyá ìyàwó ẹ̀ àtàwọn ọmọ ẹ̀ mọ̀ sí i, torí lọ́jọ́ tí ẹni yẹn bá kú, àwọn nilẹ̀ kàn.