Owó tí ẹ san kò sọ fọ́tò di tiyín

Ẹ kú iṣẹ́ o, àǹtí wa. Ẹ ní ẹ ti sanwó fún ẹni tó ya pálọ̀ tí ẹ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ ní Bódìjà, ìwé ìròyìn kan sì ń béèrè àwọn fọ́tò náà, ṣé kí ẹ fi ránṣẹ́. Ẹ dákun, ẹ má tíì fi nǹkan kan ránṣẹ́.

Èmi fi tèmi ránṣẹ́ ní 2021. ₦180,000 ni mo fún ayafọ́tò, mo rò pé ó ti parí nìyẹn. Wọ́n gbé kíṣìnì mi sí odindi ojú ewé mẹ́rin. Kò sẹ́ni tí n kò fi hàn lórí WhatsApp, títí kan ìyá ọkọ mi. Ọjọ́ kẹta ni ìwé owó dé: ₦450,000. Èmi ni ayafọ́tò kọ ọ́ sí o, kì í ṣe ìwé ìròyìn! Àṣé nínú fọ́ọ̀mù tí ìwé ìròyìn náà ní kí n buwọ́ lù, wọ́n ti kọ ọ́ pé èmi ni mo ni gbogbo fọ́tò, bí ẹnikẹ́ni bá sì pẹjọ́, ọrùn mi ló wà. Mi ò kà á. Ta ló ń ka irú rẹ̀ nígbà tínú rẹ̀ ń dùn?

Lọ́yà tí mo sá tọ̀ gba ₦50,000, ó ní, "Ẹ ṣáà ti sanwó, tiyín ni." Ó kọ lẹ́tà tó le koko. Lọ́yà ti ọmọkùnrin tó ya fọ́tò náà kàn fi ẹ̀dà òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ (copyright) ránṣẹ́ sí wa: ẹni tó ya fọ́tò ló ni ín, bí ẹlòmíràn tilẹ̀ bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́, àfi tí ìwé àdéhùn bá sọ nǹkan mìíràn. Òfin copyright tuntun tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní 2023 kò yí ìyẹn padà. Ìwé òfin tó wà nílẹ̀, lọ́yà tèmi ò ṣí i wò! Oṣù méjì ni mo fi bẹ̀bẹ̀ kí ọmọ náà tó gba ₦300,000.

Nítorí náà, kí ayafọ́tò yín kọ àṣẹ pé ẹ lè lo fọ́tò náà sílẹ̀, kó buwọ́ lù ú: ìwé ìròyìn wo, fún ìgbà wo. Ìyẹn ò le. Orúkọ rẹ̀ tí wọ́n máa kọ sábẹ́ fọ́tò kò dípò àṣẹ o.

Ẹ tún ṣọ́ àwọn tó ta táìlì fún yín. Wọ́n á ní kí ẹ fún àwọn ní ẹyọ kan péré, ẹ ó bá a lórí pátákó ìpolówó. Bí àwòrán tí ẹnì kan kùn bá wà lára ògiri, ẹ̀tọ́ ẹni tó kùn ún wà níbẹ̀. Ẹ sì bi onílé, pàápàá tí fọ́tò ọmọ rẹ̀ bá wà lórí tábìlì.

Ayafọ́tò yẹn náà ni mo ṣì ń lò. Òun ló ń kọ àdéhùn wa báyìí. Ó mọ̀ ọ́n kọ ju lọ́yà yẹn lọ.