Ẹ fẹ́ dáwó fún ẹ̀kọ́ ọlọ́pàá? Ẹ kọ́kọ́ gbàgbé káàdì yẹn

ÌBÉÈRÈ: Lọ́yà, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń ta aṣọ l'ọ́jà Atákúnmọ́sà, n'Iléṣà níbí. Àbúrò mi tó wà l'Ámẹ́ríkà máa ń dáwó fún àwọn ọlọ́pàá wọn, wọ́n sì fún un ní sítíkà tó lẹ̀ mọ́ mọ́tò. Èmi náà fẹ́ dá tèmi kí wọ́n fi kọ́ àwọn ọlọ́pàá wa, kí ìwà wọn lè dáa sí i. Ọkùnrin kan ti gba ₦50,000 lọ́wọ́ mi pé òun á bá mi fún wọn, pé wọ́n á fún mi ní káàdì. Káàdì ò tíì dé. Ṣé kí n lọ bá DPO, ọ̀gá tẹ́ṣàn, fúnra mi ni? Tí mo bá sì ti ń dáwó fún wọn, ṣé wọ́n á lè máa bá mi mú àwọn tó jẹ mí lówó?

ÌDÁHÙN: Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé. Ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ́kọ́ bi mí nírú ẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ń dáhùn ní gbangba. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta lẹ pò pọ̀: ìdáwó, káàdì, àti gbèsè, wọn ò sì bára wọn tan rárá.

Ká ti orí káàdì bẹ̀rẹ̀. Kò sí ibì kankan nínú òfin Nàìjíríà tí wọ́n ti ní ẹni tó bá fún ọlọ́pàá lówó á gba káàdì tí wọn ò fi ní dá a dúró lọ́nà. Kò sí! Sítíkà àbúrò yín náà kì í ṣe òfin lọ́hùn-ún. Ní New York, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ọlọ́pàá ló ń fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní káàdì kan tí wọ́n ń pè ní káàdì PBA, àwọn yẹn á wá pín in fún mọ̀lẹ́bí àti ọ̀rẹ́, ọlọ́pàá tó bá rí i lójú títì lè fojú fo ẹ̀ṣẹ̀ mọ́tò kéékèèké dá, àwọn ará ibẹ̀ gan-an sì ń pariwo pé ojúsàájú ni. Kò kan kíkọ́ ọlọ́pàá níṣẹ́. Ohun tí wọ́n ń bá jà lọ́hùn-ún lẹ fẹ́ gbé wá s'Íléṣà.

Nílé níbí, ó tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin tọdún 2000 tó dá ICPC sílẹ̀, àjọ tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́, ò mú ẹni tó gba rìbá nìkan, ó mú ẹni tó fún un pẹ̀lú, ẹ̀wọ̀n ọdún 7 ló sì wà níbẹ̀. Ẹ lè ní "mo kàn ní kí wọ́n fi kọ́ ọlọ́pàá ni", ṣùgbọ́n ohun tẹ́ ẹ ń retí padà ni wọ́n á bi yín, ẹ̀yin náà sì ti kọ ọ́ sínú ìbéèrè yìí fúnra yín. Ìwé òfin 1999 pàápàá, níbi tí wọ́n to ìlànà ìwà òṣìṣẹ́ ìjọba sí lẹ́yìn, sọ pé ẹ̀bùn tí wọ́n bá gbé fún òṣìṣẹ́ ìjọba níbi ayẹyẹ, ti iléeṣẹ́ tó ń ṣojú fún ni. Tẹ́ ẹ bá gbé firíìjì fún DPO níbi òde, firíìjì tẹ́ṣàn nìyẹn, tí wọ́n bá ti tiránsífà ẹ̀ lọ s'Íwó, kó fi í sílẹ̀ o.

Gbèsè ńkọ́? Òfin ọlọ́pàá tọdún 2020, abala 32, ní wọn ò gbọdọ̀ mú èèyàn torí pé àdéhùn òwò yẹ̀ lásán. Abala 36 náà ní wọn ò gbọdọ̀ mú ẹlòmíì rọ́pò ẹni tí wọ́n ń wá, ẹ má wá lọ gbé ìyàwó onígbèsè. Kóòtù ni gbèsè ń lọ. Ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀ṣà gan-an ló yẹ kó mọ̀ bẹ́ẹ̀! Àwọn òṣómàáló ayé àtijọ́, àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn, wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó á fi jáde, wọn ò gbé ọlọ́pàá dání. (Mi ò ní kẹ́ ẹ lọ lóṣòó o.)

Ẹ wá wo nǹkan tó ń dùn mí. Ọ̀pọ̀ ohun tá a ń bínú sí ọlọ́pàá fún, òfin ti sọ pé kí wọ́n má ṣe é, àmọ́ kọ́ńsítébù tó wà lórí káńtà ò rí òfin ọ̀hún kà rí. Lọ́dún 2013 tí tẹlifíṣọ̀n Channels fi bí kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́pàá n'Íkẹjà ṣe bàjẹ́ hàn wá, Ààrẹ Jonathan lọ síbẹ̀ fúnra ẹ̀, gbogbo ìlú wá ń sọ̀rọ̀ yàrá àti ibùsùn. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ibùsùn ò lè kọ́ èèyàn pé gbèsè kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn.

Torí náà tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣèrànwọ́ lóòótọ́, àkókò àti ìmọ̀ ló ṣe wọ́n láǹfààní ju owó lọ. Abala 66 òfin 2020 yẹn ní kí lọ́yà kan tó jẹ́ ọlọ́pàá wà ní gbogbo dífíṣọ̀n, kó máa rí i pé wọn ò tẹ ẹ̀tọ́ aráàlú mọ́lẹ̀. Ẹ bi DPO pé ta ni tiwọn, ẹni yẹn ni kẹ́ ẹ bá sọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì tàbí dókítà láti ọsibítù Wesley Guild lè wá kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, kó sì ka òfin 2017 fún wọn, èyí tó ní kí ọsibítù gba ẹni tí ìbọn bà, kí wọ́n tọ́jú ẹ̀, kí wọ́n má dúró de ìwé ọlọ́pàá tàbí owó àsansílẹ̀. Ẹni tó gbọ́ èdè adití lè kọ́ wọn ní díẹ̀, tíṣà lè kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń kọ ìròyìn ẹjọ́ kó yéni. Ṣùgbọ́n ẹ má lọ lẹ́ẹ̀kan kẹ́ ẹ ya fọ́tò kẹ́ ẹ lọ o, wọ́n máa ń tiránsífà wọn ṣáá ni, àwọn tẹ́ ẹ kọ́ lónìí lè má sí níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ ní láti máa padà lọ.

Tó bá jẹ́ nǹkan lẹ fẹ́ fún wọn, ẹ fi ọjà rà á: ẹ̀dà òfin 2020 yẹn, bẹ́ǹṣì, pátákó ìkọ̀wé. Ẹ kọ lẹ́tà sí Kọmíṣọ́nà ọlọ́pàá l'Óṣogbo, kó gba ọwọ́ DPO kọjá, ẹ to gbogbo nǹkan náà síbẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n buwọ́ lu ẹ̀dà tiyín. Ẹ má san owó sí akáǹtì ẹnikẹ́ni o! Láti 2015 ni ìjọba àpapọ̀ ti ní kí owó iléeṣẹ́ ẹ̀ máa wọ àpò kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní TSA. Tó bá jẹ́ ẹgbẹ́ aládàáni ló ní òun á bá yín ṣe é, ẹ wá orúkọ ẹgbẹ́ náà lórí sáìtì CAC, àjọ tó ń forúkọ iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, kí orúkọ akáǹtì sì jẹ́ ti ẹgbẹ́, kó má jẹ́ ti alága.

Ó ku ₦50,000 yín. Mi ò tíì gbọ́ ẹnu ọkùnrin yẹn, torí náà mi ò ní pè é lólè, ẹ má sì fi ohun tí mo kọ síbí pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ láìrí lọ́yà tiyín. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé irọ́ ló fi gba owó náà, ìyẹn kúrò ní gbèsè, jìbìtì nìyẹn, ọlọ́pàá lè gbọ́ ọ. Ẹ mú ẹ̀rí tiránsífà àti ọ̀rọ̀ WhatsApp tẹ́ ẹ jọ sọ dání, ẹ lọ kọ sitétímẹ́ǹtì ní tẹ́ṣàn. Tẹ́nikẹ́ni bá ní kẹ́ ẹ mú owó bébà wá, ẹ ní kó fún yín ní ríṣíìtì.