Ẹ Bi Wá Léèrè Nípa Mọ́tò: Bí Epo Ṣe Lè Pẹ́ Nínú Ọkọ̀ Kékeré

Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí bẹntiróòlù, epo ló kún inú ìbéèrè tí ẹ̀ ń fi ránṣẹ́ sí abala yìí. Àwọn tó kan ọwọ́ ìwakọ̀ la ṣà jọ síbí, torí pé ẹsẹ̀ awakọ̀ ń jẹ epo ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Micra ni mo fi ń ṣe takisí n'Íbàdàn, ẹ́ńjìnnì 1.0, jíà ọlọ́wọ́. Ọ̀rẹ́ mi ní irú rẹ̀ gan-an, ọ̀nà kan náà la sì jọ ń ná, àmọ́ epo tí mo ń rà lójúmọ́ ju tirẹ̀ lọ. Mẹkáníìkì ti pààrọ̀ plọ́ọ̀gì, ó ti fọ nọ́sù, kò yàtọ̀. Kí ni kí n ṣe? (Awakọ̀ takisí, Ìbàdàn)

Ẹ kọ́kọ́ mọ iye tó ń jẹ gan-an. Aago epo ojú dáṣíbọ́ọ̀dù kò ṣe é fi ṣírò, pàápàá nínú ọkọ̀ tó ti dàgbà. Ẹ lọ kún táǹkì nílé epo. Bí ẹnu páńpù bá ti já fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀kíní, ẹ dá a dúró níbẹ̀, kí ẹ kọ nọ́ńbà kìlómítà tó wà lójú aago sílẹ̀. Ẹ máa ṣiṣẹ́ yín lọ. Nígbà tí epo bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdajì, ẹ padà sí ilé epo kan náà, sí páńpù kan náà, kí ẹ tún kún un títí yóò fi já lẹ́ẹ̀kíní. Ẹ wá fi iye lítà tó wọlé pín iye kìlómítà tí ẹ ti rìn. Ká ní ẹ rin kìlómítà 252, tí lítà 21 sì wọlé, a jẹ́ pé lítà kan ń gbé yín rin kìlómítà 12. Ẹ ṣe é tó ẹ̀ẹ̀mẹta kí ẹ tó gbà á gbọ́, nítorí ọjọ́ tí ọ̀nà há kò lè dọ́gba pẹ̀lú ọjọ́ Àìkú. Kí ọ̀rẹ́ yín náà ṣe tirẹ̀ bákan náà. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ ò tíì mọ̀ bóyá ọkọ̀ ló ń jẹ epo tàbí èrò lásán ni.

Bí ìṣirò bá fi hàn pé tiyín ló ń jẹun jù lóòótọ́, ẹsẹ̀ búrékì ni kí ẹ wò. Epo lẹ fi ra eré tí ọkọ̀ ń sá. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá tẹ búrékì, ẹ ń sọ eré yẹn di ooru lára páàdì, ẹ ó sì tún fi epo mìíràn ra òmíràn. Iṣẹ́ takisí ló sì burú jù fún èyí. Èrò nawọ́, awakọ̀ tẹ búrékì pìì. Èrò wọlé, ó tẹná fìì kí ọkọ̀ ẹ̀yìn má baà yà á. Kò tíì rin mítà 30, ẹlòmíràn tún nawọ́.

Ẹ jẹ́ kí ojú yín máa wo iwájú tó jìnnà, kó má jẹ́ bọ́m̀pà ọkọ̀ tó wà lọ́kàn-án-kán yín nìkan. Bí ẹ bá ti rí i pé àwọn ọkọ̀ ti tò sí ráńdábáọ̀tù Mókọ́lá, ẹ kó ẹsẹ̀ kúrò lórí iná lójú ẹsẹ̀, kí ẹ má sì yọ jíà. Ọkọ̀ oní-nọ́sù (èyí tí nọ́sù ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀) bíi Micra ní kọ̀ǹpútà tó máa ń ti nọ́sù pa bí ẹsẹ̀ bá kúrò lórí iná nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà nínú jíà tó sì ń sáré. Táyà ló ń yí ẹ́ńjìnnì nígbà náà, bẹntiróòlù kankan ò wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí títí yíyí ẹ́ńjìnnì á fi wálẹ̀ dé nǹkan bí 1,500 ní ìṣẹ́jú kan. Ibẹ̀ ni epo á ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé kí ẹ́ńjìnnì má baà kú. Ẹni tó kó ẹsẹ̀ kúrò nígbà tó ku mítà 60 rin ọ̀pọ̀ nínú mítà yẹn lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó tẹná títí dé ẹ̀yìn ọkọ̀ tó ti dúró sanwó gbogbo rẹ̀, ibì kan náà ni wọ́n sì jọ dúró sí.

Ó tún ku jíà. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, 1.0 bíi tiyín gba jíà kejì ní nǹkan bí 20 lójú aago eré, ẹ̀kẹta ní 35, ẹ̀kẹrin ní 50, ẹ̀karùn-ún ní 65. Bí ọkọ̀ bá ń gbọ̀n tí ẹ́ńjìnnì sì ń kùn bí ẹ ṣe ń tẹná, jíà ti ga jù, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ ní ọ̀kan. Pẹ̀lú èrò mẹ́rin lórí òkè Mápó, ẹ ó nílò láti pẹ́ nínú jíà kejì, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló rò pé kí èèyàn máa fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ tẹ iná díẹ̀díẹ̀ ni ìfowópamọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń rá nínú jíà kejì fún ìṣẹ́jú kan gbáko ń jẹ epo ju ẹni tó tẹná dé ìdajì, tó dé 50 kíá, tó sì bọ́ sí ẹ̀kẹrin lọ. Ẹ má sì fi kilọ́ọ̀ṣì gbé ọkọ̀ dúró lórí òkè nígbà tí ẹ bá ń dúró de èrò. Hándíbúrékì wà fún un, kilọ́ọ̀ṣì tó bá ń yọ̀ sì ń jẹ epo láìgbé ọkọ̀ lọ síbì kan.

Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mò ń gbé Corolla 2005 lọ láti Èkó sí Ìbàdàn. Márosẹ̀ ni, ó yẹ kí epo pẹ́ ju ti ìgboro lọ, síbẹ̀ kò pẹ́. Iná kékeré kan tó kọ O/D OFF sì máa ń tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ṣé òun ni? (Oníṣòwò, Èkó)

Ó lọ́wọ́ sí i gan-an. Jíà mẹ́rin ni ọ̀tòmátíìkì Corolla yín ní, O/D (overdrive) sì ni orúkọ ẹ̀kẹrin, iná yẹn ń sọ fún yín pé kò sí lẹ́nu iṣẹ́. Bọ́tìnnì kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ọ̀pá jíà. Ọwọ́ máa ń ṣèèṣì kàn án. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, iná á kú. Bí ẹ bá ti ń sá 80, ẹ ó gbọ́ bí ohùn ẹ́ńjìnnì ṣe máa wálẹ̀. Òkè gígùn tàbí ìdàgẹ̀rẹ́ gígùn nìkan ló yẹ kó mú yín tan iná yẹn. Bó bá ń ṣẹ́jú fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn: àléébù ló wà nínú gíàbọ́ọ̀sì, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ ìyẹ̀wò.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo eré. Afẹ́fẹ́ tí ọkọ̀ ń tì kọjá ní 120 lágbára ju ti 80 lọ ní ìlọ́po méjì àti ìdá mẹ́rin, epo ni ẹ sì fi ń tì í. Bí ẹ bá fi 120 rin 100 kìlómítà, ìṣẹ́jú 50 ni. Bí ẹ bá fi 90 rìn ín, ìṣẹ́jú 67. Ìṣẹ́jú 17 péré ni ẹ̀ ń fi gbogbo epo yẹn rà, 100 sì ni òfin ìrìnnà gbà fún ọkọ̀ àdáni lórí márosẹ̀. Ẹ mú 90, kí ẹ sì dúró lé e lórí. Kí èèyàn máa sá 120, kó já sí 70, kó tún tẹná padà sí 120, òun ló ń ba epo jẹ́ jù. Bí irin ìgbẹ́rù bá wà lórí ọkọ̀ tí ẹ kì í lò, ẹ yọ ọ́. Àwọn kan a máa sápamọ́ sẹ́yìn tírélà kí afẹ́fẹ́ má baà mú wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò: tírélà lè dúró lójijì, ẹ ò sì ní rí kòtò tó wà níwájú rẹ̀.

Ọ̀gá tó kọ́ mi ní mọ́tò ní bí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀ lójú ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, kí n fi jíà sí free, kí n tilẹ̀ pa ẹ́ńjìnnì. Ṣé ó dáa? (Awakọ̀, Adó-Èkìtì)

Kò dáa rárá. Ìmọ̀ràn ayé kabúrétọ̀ ni, ẹ̀rọ àtijọ́ tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ kí nọ́sù tó dé. Nínú ọkọ̀ oní-nọ́sù, bí ẹ bá fi sí free, ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ máa mu epo kó má baà kú. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ nínú jíà tí ẹ kó ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, kò ní mu nǹkan kan. Free gan-an ló wá ń ná yín lówó.

Èyí tó bà wá lẹ́rù jù ni pípa ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì ló ń fún búrékì ní agbára ìrànwọ́. Bó bá kú, ìrànwọ́ tó ṣẹ́kù kò ju ìtẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta lọ, lẹ́yìn náà búrékì á le bí òkúta. Ọwọ́ ìtọ́kọ̀ á wúwo. Bí kọ́kọ́rọ́ bá yí kọjá ààyè, ó lè há pátápátá. Búrékì nìkan tó bá sì ń gbé ọkọ̀ dúró lórí ìdàgẹ̀rẹ́ gígùn á gbóná, omi búrékì á hó, ẹsẹ̀ á sì wọlẹ̀ lófo. Jíà tí ẹ bá fi gun òkè náà ni kí ẹ fi sọ̀ ọ́.

Picanto ni mo ní, Ìkẹjà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ṣé kí n máa pa ẹ́ńjìnnì nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ? AC ńkọ́? (Òṣìṣẹ́ báńkì, Èkó)

Bí gbogbo ọkọ̀ bá dúró gbọnin tí ẹ sì mọ̀ pé yóò ju ìṣẹ́jú kan lọ, ẹ pa á. Ẹ́ńjìnnì kékeré tó ń ṣiṣẹ́ lórí ìdúró lè jẹ tó ìdajì lítà sí lítà kan láàárín wákàtí kan, AC sì tún ń fi kún un. Epo tí ẹ máa fi ṣí i padà kò ju èyí tó ń jẹ lórí ìdúró láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà bá ń sún díẹ̀díẹ̀, ẹ má máa pa á ní gbogbo ìgbà, kí bátìrì àti sítátà má baà bàjẹ́. Ẹ fi àlàfo bí ọkọ̀ méjì sílẹ̀ níwájú yín, kí ẹ máa rá lọ nínú jíà kìíní láìtẹná rárá. Wọn á máa yà wọ àlàfo náà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yà.

Ní ti AC, bí eré kò bá tó 60, fèrèsé ló dín owó kù. Bó bá ti kọjá 80, ẹ ti fèrèsé, kí ẹ tan AC, nítorí afẹ́fẹ́ tó ń já wọ inú ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn. Ọkọ̀ tó ti dúró nínú oòrùn láti àárọ̀, ẹ ṣí ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ooru jáde kí ẹ tó tan AC. Bó bá ti tutù, ẹ tẹ bọ́tìnnì tó ń yí afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ kiri.

Mo ti ń wakọ̀ jẹ́jẹ́ o, epo ò sì pẹ́. Aago ìgbóná mi kì í kúrò nísàlẹ̀, mo rò pé ó dáa bẹ́ẹ̀. (Olùkọ́, Abẹ́òkúta)

Kò dáa, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ni. Àwọn mẹkáníìkì wa a máa yọ thermostat (fáàfù kékeré tó ń dá omi rédíátọ̀ dúró títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná) dànù nígbà tí ọkọ̀ bá gbóná jù lẹ́ẹ̀kan. Bí kò bá sí thermostat, omi rédíátọ̀ á máa yípo láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ́ńjìnnì kò ní gbóná tó bó ṣe yẹ, kọ̀ǹpútà á máa rò pé àárọ̀ kùtùkùtù ṣì ni, yóò sì máa da epo púpọ̀ sí i. Ẹ ra tuntun tó bá nọ́ńbà ọkọ̀ yín mu, kí wọ́n fi í padà, kí wọ́n sì wá ohun tó mú ọkọ̀ gbóná nígbà yẹn: rédíátọ̀ tó dí, fáànù tí kò yí, tàbí omi tó ń jò.

Ẹ yẹ táyà wò láàárọ̀ kó tó gbóná. Iye psi, ìyẹn ìwọ̀n afẹ́fẹ́ táyà, wà lára ọ̀pá ilẹ̀kùn awakọ̀. Ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré wà láàárín 30 sí 35. Lẹ́yìn ìrìn gígùn, ẹ na ọwọ́ sún mọ́ rímù kọ̀ọ̀kan, ẹ má fọwọ́ kàn án. Èyí tó bá gbóná ju ìyókù lọ gidigidi, búrékì rẹ̀ ti jàámù.

Ṣé òótọ́ ni pé epo tí a bá rà ní kùtùkùtù máa ń pọ̀ jù? Àti pé kí wọ́n máa rọ ọ́ dé ọrùn? (Òǹkàwé, Ọ̀ṣogbo)

Abẹ́ ilẹ̀ ni táǹkì ilé epo wà, ooru ọ̀sán kì í tètè dé ibẹ̀, nítorí náà àárọ̀ àti ọ̀sán kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ní ti ìrọdọ́rùn, ẹ kọ̀ ọ́ fún wọn. Epo tó kọjá ibi tí páńpù ti já lè ṣàn wọ inú àgò èédú tó ń gba afẹ́fẹ́ epo. Bí èédú náà bá ti mu bẹntiróòlù, ó ti bàjẹ́ nìyẹn, ọkọ̀ á sì máa ṣòro láti ṣí lẹ́yìn tí ẹ bá kún táǹkì.