Ẹ má tíì da kóró òrí yẹn nù

Ẹ ní ọ̀sẹ̀ 7 nìyí tí ẹ ti gbin kóró òrí 40 sínú ọ̀rá, ẹ ò rí ewé kankan, ẹ wá ń bèèrè bóyá kí ẹ dà wọ́n nù, àti ìgbà tó yẹ kí ẹ kó wọn lọ sóko. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ kúrò lára wọn ná. Mo ti kó sínú ọ̀fìn yìí rí, ó ń dùn mí dòní.

Oko bàbá mi nítòsí Ṣakí ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Kóró gbígbẹ ni mo kọ́kọ́ rà lọ́jà, ẹyọ kan ò hù. Wọ́n ti sè é, wọ́n ti sá a, ó ti kú kó tó dọ́wọ́ mi. Òrí kì í ṣe àgbàdo tí a ń so rọ̀ sókè àjà di àmọ́dún. Bí kóró rẹ̀ bá ti gbẹ, ó parí. Lọ́dún kejì, mo ṣa èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já bọ́ lábẹ́ igi, mo jẹ ara èso rẹ̀, mo fọ kóró, mo gbin 75 kó tó pé ọjọ́ 3.

Ní ọ̀sẹ̀ 8, ọ̀gá kan tó ní òun mọ̀ nípa igi wá wò ó. Ó fi ìka tú iyẹ̀pẹ̀ ọ̀rá méjì, kò rí nǹkan, ó ní gbogbo rẹ̀ ti jẹrà, kí n dà á nù kí n gbin nǹkan mìíràn. Mo gbọ́ tirẹ̀. Mo ti da ọ̀rá 59 sórí ààtàn kí n tó rí ohun funfun kan lára èyí tó wà lọ́wọ́ mi, ó rí bí ìrù eku, ó gùn ju ìka mi lọ, ìsàlẹ̀ ló kọjú sí. Níbi tó jìnnà sí kóró, lára ìrù yẹn, ni ọ̀mùnú pupa kékeré kan ti ń yọjú, tó fẹ́ máa gun òkè bọ̀. Mo sáré padà lọ tú ààtàn. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló ti ní ìrù, èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi ṣẹ́ ẹ. Mo tún wọn gbìn lálẹ́ ọjọ́ náà pẹ̀lú àtùpà. Kò sí èyí tó yè. Nínú 15 tí mi ò fọwọ́ kàn, 11 hù.

Bí òrí ṣe ń hù nìyẹn. Ilẹ̀ ló kọ́kọ́ ń wọ̀, inú ilẹ̀ ni ọ̀mùnú ti ń yọ kó tó jáde síta. Ọmọ ọ̀dàn ni. Bí iná ẹ̀ẹ̀rùn bá jó orí rẹ̀, ó ṣì lè rú láti ìsàlẹ̀. Ìyá àgbà kan tó ń ṣa òrí nídìí igi ni wọ́n là á yé mi, lẹ́yìn tí nǹkan ti bàjẹ́. Ọ̀gá tó wọ bàtà dídán kò mọ̀ ọ́n, ó sì gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ mi.

Ẹ ṣọ́ra fáwọn tó ń ta ọmọ igi pẹ̀lú. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti fi òfin de kíkó kóró òrí tí wọn ò tíì fún òróró rẹ̀ lọ sókè òkun ní oṣù kẹjọ 2025, gbogbo ènìyàn ló fẹ́ gbin òrí. Ẹni tó bá ní èyí tí òun fi kóró hù yóò so ní ọdún 3 ń parọ́: ọdún 15 sí 20 ni ká máa retí. Èyí tí wọ́n bá fi ẹ̀ka igi tó ti ń so lọ́ mọ́ ọmọ igi mìíràn ló ń yá jù bẹ́ẹ̀. Ẹ sì ro àyíká rẹ̀ dáadáa kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé, ẹ ṣọ́ àwọn tó ń sun èédú. Igi tí bàbá mi bá láyé ni wọ́n gé lọ́jọ́ tí a lọ síbi òkú.

Ọ̀rá tó jìn ni kí ẹ lò, torí ọ̀rá píọ̀ wọ́tà máa ń ká gbòǹgbò rẹ̀ kò. Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni kí ẹ kó wọn lọ sóko, ẹ má ṣẹ́ gbòǹgbò.

Tèmi ti pé ọdún 9, èyí tó ga jù ò tíì ga tó mi. Ẹ máa bomi rin tiyín títí yóò fi pé oṣù 4 tí ẹ ti gbìn wọ́n. Bí ọkàn yín ò bá balẹ̀, ẹyọ kan péré ni kí ẹ fi ọ̀bẹ la ọ̀rá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ fi omi ṣan iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ kúrò jẹ́jẹ́. Ẹ má fà á.