Ta ni wọ́n kọ́kọ́ ń sọ ìròyìn burúkú fún?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi yín ṣe olórí ènìyàn mẹ́jọ níbi iṣẹ́ yín, ẹ sì fẹ́ mọ ohun tó ya ọ̀gá sọ́tọ̀ lára aṣáájú. Mo ti jẹ́ méjèèjì rí, níbi iṣẹ́ kan náà, lórí àwọn ènìyàn kan náà. Ọ̀gá ni mo kọ́kọ́ jẹ́, ọdún mẹ́ta gbáko ni mo sì fi ni wọ́n lára kí ojú mi tó là.

Ilé ìtẹ̀wé ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi ni mò ń darí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́. Ká ní ẹ bi mí nígbà yẹn, màá ní nǹkan ń lọ déédéé. Kò sẹ́ni tó ń pẹ́ dé, kò sẹ́ni tó ń jiyàn, tí mo bá sì ti wọlé, gbogbo ẹnu á pa rọ́rọ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn dùn mọ́ mi. Ọ̀wọ̀ ni mo pè é.

Lóru ọjọ́ kan, à ń ṣe ìwé ẹ̀kọ́ kan, 4,000 ẹ̀dà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo mú ọ̀kan lára èyí tó ti parí, mo ṣí i. Lẹ́yìn ojú ewé 32, 49 ló kàn. Ojú ewé 33 wá wà lẹ́yìn 64. Mo mú òmíràn, bákan náà ni. Wọ́n ti lẹ gbogbo ẹ̀ pọ̀, wọ́n ti gé etí wọn, wọ́n ti dì wọ́n ní àdìpọ̀ àdìpọ̀.

Mo pariwo títí ohùn mi fi há. Ọmọbìnrin tó ń to ìwé dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń fi èékánná ha gọ́ọ̀mù tó ti gbẹ mọ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Kò gbójú sókè. Ó ní, "Ọ̀gá, mo ti rí i láti nǹkan bí aago méjìlá òru."

Mo ní kí ló dé tí kò sọ. Kò fèsì. Ọkùnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ ló dá mi lóhùn: "Ẹ rántí ẹni tó wá sọ fún yín lọ́jọ́sí pé òun to ìwé òdì."

Mo rántí. Ojú gbogbo ènìyàn ni mo ti bú u, mo lé e lọ sílé, mo sì gé owó alẹ́ ọjọ́ náà kúrò nínú owó oṣù rẹ̀. Àtọjọ́ náà ni wọ́n ti fẹnu kò láàárín ara wọn pé àwọn ò ní mú ìròyìn burúkú wá bá mi mọ́. Odindi ẹgbẹ́ ló mọ̀, èmi nìkan ni mi ò mọ̀.

Èyí ni mo fi dá yín lóhùn. Kì í ṣe pé ọ̀gá burú, aṣáájú sì dáa. Mo mọ ọ̀gá tó lawọ́, tó máa ń bá gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín, síbẹ̀ tí wọn kì í sọ òótọ́ fún. Tí nǹkan bá bàjẹ́, ọ̀gá ló máa gbọ́ kẹ́yìn. Aṣáájú ni wọ́n máa sáré wá bá nígbà tí ọwọ́ ṣì lè ká a.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo dúró lójú gbogbo wọn, mo sọ fún ẹni tó ni ilé iṣẹ́ pé èmi ni mo jẹ̀bi. Mo wá fi òfin kan lélẹ̀: ẹnikẹ́ni tó bá rí ohun tí kò tọ́, kó dá ẹ̀rọ dúró, kó má tọrọ ààyè. Toyota ni mo ti kọ́ ọ. Níbẹ̀, wọ́n máa ń so okùn sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń to mọ́tò. Òṣìṣẹ́ tó bá rí àléébù á fa okùn, olórí ẹgbẹ́ á sáré wá ràn án lọ́wọ́, bí wọn ò bá sì tètè yanjú ẹ̀, iṣẹ́ á dúró.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá lọ́dọ̀ tiwa, kò sẹ́ni tó dá ẹ̀rọ dúró. Wọn ò gbà mí gbọ́, mi ò sì dá wọn lẹ́bi. Lóru ọjọ́ kan ni ọmọbìnrin yẹn dá ẹ̀rọ dúró. Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́, gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Mo lọ yẹ ìwé náà wò. Kò sí nǹkan kan tó ṣe é, òun ló ṣì í kà. Iṣẹ́ ti pẹ́, inú mi ń ru. Mo ní, "O ṣé tí o dá a dúró," a sì tan ẹ̀rọ padà. Ó dá mi lójú pé alẹ́ yẹn ló yí nǹkan padà.

Lẹ́yìn náà, àṣìṣe tí à ń kọ sínú ìwé àkọsílẹ̀ wa pọ̀ sí i, ẹ̀rù sì bà mí pé mo ti ba wọ́n jẹ́. Ìgbà tó yá ni mo kà nípa Amy Edmondson, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, tó ṣe ìwádìí lórí àṣìṣe oògùn ní ọsibítù láwọn ọdún 1990. Ó rò pé ẹgbẹ́ tó mọwọ́ ara wọn ni àṣìṣe wọn á kéré jù. Àwọn gan-an ni àkọsílẹ̀ tiwọn pọ̀ jù, torí pé wọn kì í bò ó mọ́lẹ̀.

Ẹ má rò pé mo ní kí ẹ máa gba gbẹ̀rẹ́ o. Ẹni tó ń sùn lẹ́nu iṣẹ́, mo pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́ẹ̀mejì, nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta mo ní kó máa lọ. Àṣìṣe yàtọ̀ sí ìmẹ́lẹ́. Bí ẹ bá sì ń ṣèpàdé, ẹ jẹ́ kí ẹni tó kéré jù kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, torí tí ẹ bá ti sọ tiyín, ohùn yín náà ni ẹ máa gbọ́ lẹ́nu gbogbo wọn.

Títí dòní, tí ẹ̀rọ bá ṣàdédé dúró lóru, àyà mi ṣì máa ń já. Mo máa ń kọ́kọ́ mu omi díẹ̀ kí n tó dìde lọ bá wọn.