Bráwúsà wo ni mo lè fi rọ́pò Chrome lórí fóònù mi?

Ẹ ní Ifẹ̀ lẹ wà, fóònù yín ò lágbára púpọ̀, dátà sì ń sáré tán lórí Chrome. Tó bá jẹ́ èmi ni, Firefox ti Mozilla ni màá ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú, ó ti wà láti 2004, torí pé lórí Android ó gbà kẹ́ ẹ fi uBlock Origin sí i, ìyẹn ló máa ń dí àwọn ìpolówó lọ́nà, àwọn sáìtì ìròyìn tí fídíò máa ń ṣàdédé pariwo níbẹ̀ yẹn á kàn ṣí wẹ́rẹ́, dátà á sì pẹ́ díẹ̀ sí i. Tẹ́ ò bá fẹ́ wàhálà yẹn, ẹ lo Brave, òun ń dí ìpolówó fúnra ẹ̀. Chromium, ìyẹn ìpìlẹ̀ tí wọ́n kọ́ Chrome lé, náà lòun dúró lé, bẹ́ẹ̀ náà ni Edge, bráwúsà Microsoft.

Opera Mini ló ń ṣọ́ dátà jù, ó dáa gan-an tí nẹ́tíwọ̀kì bá ń falẹ̀ ní Lágere. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá ti gbé e sí Extreme, ìyẹn ipò tó ń dín dátà kù jù, ẹ má fi ṣe nǹkan báńkì rárá o, torí sáfà Opera, ìyẹn kọ̀ǹpútà tiwọn, ni gbogbo ẹ̀ ń gbà kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, àwọn fọ́ọ̀mù míì ò tiẹ̀ ní ṣí dáadáa.

Tẹ́ ẹ bá ti mú èyí tó wù yín, ẹ lọ sí Settings, Apps, Default apps, kẹ́ ẹ yàn án níbẹ̀, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ gbogbo líǹkì WhatsApp ṣì lè máa ṣí nínú Chrome.