Prótókọ́ọ̀lù tiwa fún dátábéèsì ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù: kí la ó kọ́kọ́ yanjú?

Ìbéèrè: Ọ̀kún o, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀dọ́ ni wá ní Kàbà. À ń kọ ètò tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ kajú yóò máa fi ṣe àkọsílẹ̀ owó àti ẹrù. Sáfà, ẹ̀rọ tó ń tọ́jú gbogbo rẹ̀, wà ní Lọ́kọ́ja. Àwọn akọ̀wé wà ní Kàbà, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀, dátà orí fóònù ni wọ́n sì ń lò. Dátábéèsì kékeré tí a kọ fúnra wa la fi ń tọ́jú ìwé owó náà. A fẹ́ ṣe prótókọ́ọ̀lù open-source (òfin ìbánisọ̀rọ̀ tó wà ní gbangba fún ẹnikẹ́ni láti lò) tí kíláyẹ́ǹtì, ìyẹn ètò orí fóònù akọ̀wé, àti sáfà yóò máa fi bára wọn sọ̀rọ̀, kí ẹlòmíràn náà lè kọ kíláyẹ́ǹtì tirẹ̀ láìjẹ́ pé ó wá bá wa. Kí la ó kọ́kọ́ yanjú?

Ìdáhùn: Ọ̀kún o, ẹ̀yin àbúrò mi. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹ tilẹ̀ nílò tuntun. Bí dátábéèsì yín bá gbọ́ SQL, èdè tí a fi ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ dátábéèsì, ẹ jẹ́ kó máa sọ prótókọ́ọ̀lù PostgreSQL, dátábéèsì open-source kan tó gbajúmọ̀. Gbogbo rẹ̀ wà nínú ìwé ìtọ́ni PostgreSQL fún ẹnikẹ́ni láti kà, ẹ̀dà kẹta rẹ̀ sì ti wà láti ìgbà PostgreSQL 7.4 ní ọdún 2003. Àwọn dátábéèsì mìíràn bíi CockroachDB àti YugabyteDB gbà á lò, ìdí nìyẹn tí àwọn dráífà (kóòdù tí ètò fi ń bá dátábéèsì sọ̀rọ̀) tó ti wà nílẹ̀ fi ń bá wọn ṣiṣẹ́. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ODBC tàbí JDBC ti yanjú ọ̀rọ̀ náà: ọ̀nà tí ètò fi ń pe dráífà ni ìyẹn, kò sọ ohun tó ń gba orí wáyà kọjá.

Bí ìwé owó lásán ni tiyín, tí kò ní SQL nínú, ó yẹ kẹ́ ẹ ṣe tiyín. Ó kéré, ẹ sì lè ṣe é dáadáa.

Bí àtẹ̀jíṣẹ́ kan ṣe bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí ni ìpìlẹ̀. PostgreSQL fi báìtì kan sọ irú àtẹ̀jíṣẹ́ tó jẹ́, ó wá fi báìtì mẹ́rin sọ gígùn rẹ̀. Gígùn yìí ka ara rẹ̀ mọ́ iye náà, ṣùgbọ́n kò ka báìtì àkọ́kọ́ yẹn. Báìtì mẹ́ta ni MySQL, dátábéèsì mìíràn, fi sọ gígùn, ó sì fi ọ̀kan ṣe nọ́ńbà ìtẹ̀léra, nítorí náà ohun tó bá tó mẹ́gábáìtì 16 gbọ́dọ̀ pín sí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Báìtì mẹ́rin ni kẹ́ ẹ mú. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé báìtì tó tóbi jù ló ń ṣáájú, kí ẹ sì sọ bóyá gígùn ń ka ara rẹ̀ tàbí kò kà á. Ẹ fi òpin sí gígùn pẹ̀lú, kí òpin náà kéré gan-an fún ẹni tí kò tíì wọlé. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, àjèjì kan lè sọ pé gígábáìtì mẹ́rin ń bọ̀ lọ́nà, kí sáfà yín sì tẹ́ mẹ́mórì sílẹ̀ dè é.

Nọ́ńbà ẹ̀dà gbọ́dọ̀ wà nínú àtẹ̀jíṣẹ́ àkọ́kọ́, kí sáfà sì lè dáhùn pé, "Èyí tí mo gbọ́ nìyí." Ẹ dán ìdáhùn yìí wò láti ọjọ́ kìíní pẹ̀lú ẹ̀dà tí kò tíì sí. Nígbà tí PostgreSQL 18 máa gbé ẹ̀dà tuntun jáde ní 2025, 3.2 ni wọ́n fò sí láti 3.0. Ohun tó fà á ni pé àwọn ẹ̀dà àtijọ́ pgbouncer, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò láàárín ètò wọn àti dátábéèsì, máa ń sọ pé àwọn gbọ́ 3.1, bẹ́ẹ̀ wọn ò gbọ́ ọ. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò dán wò fún ọdún púpọ̀ ló fa ìyẹn.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó kàn yín jù, nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí àwọn akọ̀wé yín ń lò.

Ká ní àlọ àti àbọ̀ kan láti Ẹ̀gbẹ̀ sí Lọ́kọ́ja gba mílísẹ́kọ́ǹdù 300, tí àkọsílẹ̀ kan sì nílò àlọ-àbọ̀ mẹ́rin. Akọ̀wé tó bá kó àkọsílẹ̀ 200 jọ nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí yóò jókòó ìṣẹ́jú mẹ́rin kó tó rán wọn tán, bí ìlà kò bá já láàárín. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí kíláyẹ́ǹtì lè da àtẹ̀jíṣẹ́ púpọ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan náà láìdúró de èsì. PostgreSQL ní àtẹ̀jíṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Sync fún irú èyí: bí àṣìṣe bá ṣẹlẹ̀, sáfà á ju gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e nù títí yóò fi kan Sync, ibẹ̀ ni á ti tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú u lò, kí ẹ sì fi ọ̀kan sí ẹ̀yìn àkọsílẹ̀ àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí àṣìṣe ẹnì kan má baà gbé ti ẹlòmíràn lọ.

Bí ìlà bá já ńkọ́? Akọ̀wé ní Ẹ̀gbẹ̀ rán ₦20,000 tí màmá kan san, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì lọ kí èsì tó dé. Ó lè jẹ́ pé sáfà kò rí i rárá. Ó sì lè jẹ́ pé ó ti kọ ọ́ sílẹ̀, èsì nìkan ló sọnù. Níbi tí kíláyẹ́ǹtì wà, ọ̀kan náà ni méjèèjì. TCP, òfin tó ń gbé báìtì láti ẹ̀rọ kan dé òmíràn, kò lè sọ èyí tó ṣẹlẹ̀. Ó lè sọ pé báìtì dé ẹ̀rọ, kò lè sọ pé owó wọ ìwé. Bó bá tún un rán, owó lè di ₦40,000. Bí kò bá tún un rán, owó màmá lè sọnù. Mi ò lè fojú kéré èyí, nítorí owó ẹni tó ń roko ni.

Kíláyẹ́ǹtì ni kó ṣe nọ́ńbà ìdánimọ̀ fún àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan: báìtì 16, kó jẹ́ èyí tí ẹ̀rọ kàn ṣà láìtẹ̀lé ètò kankan, kó sì wà ní ìpamọ́ lórí fóònù kí àtẹ̀jíṣẹ́ tó kúrò níbẹ̀. Bó bá ń tún un rán, nọ́ńbà kan náà ni yóò lò. Sáfà á wo nọ́ńbà náà. Bó bá ti rí i rí, èsì àkọ́kọ́ ni yóò tún fún un. Nọ́ńbà yìí àti owó gbọ́dọ̀ wọ dátábéèsì pọ̀ nínú transaction kan ṣoṣo, kó jẹ́ pé méjèèjì wọlé tàbí kò sí èyí tó wọlé. Bí ẹ bá kọ owó ṣáájú, tí iná sì lọ kí ẹ tó kọ nọ́ńbà, ẹ ti padà síbi tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Bí nọ́ńbà kan náà bá dé pẹ̀lú iye owó mìíràn, àṣìṣe ni kí sáfà fi dáhùn. Kí ìwé yín sì sọ iye ọjọ́ tí sáfà yóò fi máa rántí nọ́ńbà kan. Fún akọ̀wé tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ lè má sí fún ọjọ́ mélòó kan, ọgbọ̀n ọjọ́ kò pọ̀ jù.

Iye owó kò gbọdọ̀ ní àmì dẹ́símà o. Kọ́bọ̀ ni kẹ́ ẹ fi kà á.

Ní ti ààbò, ẹ má dá tiyín sílẹ̀. Ẹ lo TLS, tó ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ lórí wáyà, láti báìtì àkọ́kọ́. Fún páswọ́ọ̀dù, ẹ lo SCRAM-SHA-256, ọ̀nà tí a fi ń yẹ páswọ́ọ̀dù wò láìfi í ránṣẹ́, bí PostgreSQL ṣe ń lò ó láti ẹ̀dà 10. Bí TLS kò bá ṣeé ṣe, kíláyẹ́ǹtì gbọ́dọ̀ pa ìlà náà kí ó tó sọ ohunkóhun mìíràn.

Ó ku ọ̀rọ̀ open-source. Ọ̀pọ̀ rò pé kí wọ́n ṣáà ti gbé kóòdù síta ni. Bó bá jẹ́ pé inú kóòdù yín nìkan ni prótókọ́ọ̀lù wà, àṣìṣe yín náà ti di òfin, ẹlòmíràn á sì máa dà á kọ. Ìwé ni kó ṣáájú. Ẹ fi ìwé àṣẹ Apache 2.0 sí orí kóòdù, nítorí ó dáàbò bo ẹni tó ń lò ó lórí ọ̀rọ̀ pátẹ́ǹtì, kí ẹ sì fi ìwé àṣẹ CC BY 4.0 sí orí ìwé. Ẹ kọ àpẹẹrẹ àtẹ̀jíṣẹ́ kọ̀ọ̀kan síbẹ̀ báìtì sí báìtì, pẹ̀lú èyí tí kò pé àti èyí tó gùn jù, kí kíláyẹ́ǹtì tuntun rí ohun tí yóò fi yẹ ara rẹ̀ wò.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá akẹ́kọ̀ọ́ kan tí kò rí kóòdù yín rí, bóyá ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Lọ́kọ́ja níbẹ̀. Ẹ gbé ìwé nìkan fún un, kó fi èdè tí ẹ kò lò kọ kíláyẹ́ǹtì. Yóò bi yín ní ìbéèrè. Ẹ má fi ẹnu dá a lóhùn. Ẹ tún ibẹ̀ kọ nínú ìwé, kí ẹ sì ní kó tún un kà.